Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Ẹni Tó Gbé Mi Lẹ́sẹ̀ Ní Gbọ́mọgbọ́mọ

Lóṣù tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì ní Ìyànà Ìbà. Nígbà tí a dé Òkòkòmáíkò, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé, ó jókòó síwájú mi. Òróró àgbọn ló fi pa irun. Bí òórùn náà ṣe kàn mí nímú, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ká ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè, mo fa orúnkún mọ́ àyà, bí ẹni tó fẹ́ kéré sí i. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí wò mí.

“Dádì, ṣé kò sí wàhálà o?”

Mo ní kò sí. Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Òkòkòmáíkò kò tíì fara kan Ọ̀jọ́ bó ṣe rí lónìí. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà láàárín, igi àgbọn sì dúró síbi tí àwọn ilé alájà wà báyìí. Láàárọ̀, fèrè àwọn ṣọ́jà láti bárékè ni aago wa. Ọ̀nà Àgbádárìgì gbòòrò, ó ń dán, ọkọ̀ kò sì pọ̀ lórí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, a ó ti máa gbọ́ ọ tipẹ́ kí a tó rí i. Ẹni tó bá rí jájẹ a wọ Píjó. Àwa a dúró de bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ onípákó tí àwọn èrò ti ń kọjú síra wọn, tí ènìyàn, ewúrẹ́ àti àpò gààrí jọ ń rìnrìn àjò.

Àṣà kan wà nínú ọkọ̀ yẹn tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá gbé lẹ́sẹ̀ kì í san owó. Bí ìyá bá sì ti wọlé pẹ̀lú ọmọ, kò ní béèrè ẹni tí o jẹ́. Yóò wá itan tó ṣófo, yóò gbé ọmọ rẹ̀ lé e, yóò sì wá ibòmíràn jókòó sí. Ẹni tó gba ọmọ kò ní sọ pé ó wúwo. Ojú ìyá kì í tilẹ̀ gòkè dé ojú ẹni náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Àgbádárìgì, a sì ń lọ kí i. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọwọ́ mi ti gba orí kọjá, ó ti kan etí kejì tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì fi mí sílé ìwé. Kí ọkọ̀ tó dúró, ìyá mi kìlọ̀ fún mi.

“Ká ẹsẹ̀ ẹ sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́nà, o ò gbọ́dọ̀ dáhùn. Ohùn ẹ ti dàgbà.”

Kọ̀ndọ́ wò mí láti òkè délẹ̀. “Ìyá, ẹni tó tó gbé ìyàwó lẹ ní kí wọ́n gbé lẹ́sẹ̀ yìí!”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin Ègùn kan jókòó níwájú, irun rẹ̀ ń dán fún òróró àgbọn, ìró aláró tó ró sì ní àwòrán ẹja pupa lára. “Aṣọ yìí mọ́,” ni ìyá mi sọ lábẹ́lẹ̀. Ó gbé mi lé e lẹ́sẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn lọ.

Ní Ìjànìkin, ẹ̀rọ ọkọ̀ gbóná, dírẹ́bà sì dúró láti bu omi sí i. Mo ti sùn. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀ láti lọ tọ̀ nínú igbó. Ó gbé ìdì ẹrù rẹ̀ dání, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n jí i. Èmi, ó fi mí sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, àwọn tó jókòó tì í rò pé ó ti dé ibi tó ń lọ. Ó sáré jáde, ó ké, ṣùgbọ́n igbe bọ́lẹ̀kájà ju ti ènìyàn lọ.

Ọkọ̀ ti rìn jìnnà kí n tó jí. Mo yíjú sẹ́yìn, n kò rí ìyá mi. Mo bú sẹ́kún.

“Ìyá ẹ dà?” ni kọ̀ndọ́ bi mí. “Ṣé ó ti sọ̀ ni?”

Mo ń sunkún, ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀. Mo tilẹ̀ tún ẹsẹ̀ mi ká sókè sí i.

“Odi lọmọ yìí o,” ni bàbá kan wí.

Dírẹ́bà ní òun yóò fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ bí a bá dé gáréèjì. Obìnrin Ègùn náà mi orí. “Gáréèjì, èèyàn pọ̀,” ó wí, Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lẹ́nu. “Ọ̀nà yìí, ọ̀kan ni. Ìyá ẹ̀ máa gba ibí kọjá.” Ó gbá ara ọkọ̀. “Ó wà o!” Kò tíì dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ó gbé mi sọ̀kalẹ̀.

Kò sí ilé níbẹ̀, oòrùn sì mú. Ó tú ìró rẹ̀, ó fi bò mí láti orí délẹ̀, ó ku òun àti ìlábùrù tó ró sábẹ́. Bí ọkọ̀ kan bá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Èkó, á gbé mi sókè bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gùn tó, á ṣí ojú mi, kí ìyá tó bá wà nínú rẹ̀ lè rí mi. Bí ọkọ̀ bá kọjá, á sọ̀ mí kalẹ̀, á mí kanlẹ̀, á sọ nǹkan lédè Ègùn. N kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ìwúwo mi ni.

Típà oníyanrìn ló gbé ìyá mi dé. Ohun tó rí láti òkèèrè ni obìnrin tí kò wọṣọ tán, tó di ọmọ rẹ̀ mú sínú aṣọ lẹ́bàá igbó. Típà kò tíì dúró tó fi bẹ́ sílẹ̀.

“Gbọ́mọgbọ́mọ! Ó jí mi lọ́mọ!”

Títí dòní, n kò mọ ibi tí àwọn ènìyàn ti jáde. Igbó tó dákẹ́ láti àárọ̀ tu àgbẹ̀ síta pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Wọ́n di obìnrin náà lápá mú. Ẹ̀rù ti gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀. Ègùn nìkan ló ń sọ, ìyẹn sì tún bà á jẹ́ sí i. Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi.

“Ọmọ, ṣé o mọ̀ ọ́n?”

Mo wo ìyá mi. N kò dáhùn.

“Ẹ rí i! Ó ti fi oògùn gba ohùn ọmọ!” ni àwọn àgbẹ̀ ké.

Ẹnì kan fi pẹlẹbẹ àdá gbá obìnrin náà léjìká. Ó ṣubú sórí eékún. Ìyá mi ń fa aṣọ kúrò lára mi kó lè wò ó bóyá mo ṣèṣe, bí aṣọ náà ṣe tú sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹja pupa. Mo rí i tí ojú ìyá mi yí padà. Kò mọ ojú obìnrin náà rí. Aṣọ ni ó mọ̀.

“Ẹ dúró! Èmi ni mo gbé e fún un! Èmi fúnra mi ni!”

Wọn kò gbọ́. Ó da ara rẹ̀ bo obìnrin náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì fi pẹlẹbẹ àdá gbá lẹ́ẹ̀kejì.

“Ìyá, èwo lẹ̀ ń sọ gan-an?” ni àgbàlagbà náà fi ìbínú bi í. “Ṣé gbọ́mọgbọ́mọ ni àbí kì í ṣe òun?”

“Kì í ṣe òun. Ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe òun.”

Wọ́n tú ká díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ráhùn. Ìyá mi dì mí léjìká mú. “Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?”

“Ẹ ní n ò gbọ́dọ̀ dáhùn.”

Ó jọ̀wọ́ èjìká mi.

Bọ́lẹ̀kájà mìíràn dé, ó kún. Obìnrin náà ró aṣọ rẹ̀ padà, ó rí àyè kékeré kan jókòó sí. Ìyá mi dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, kò yára. Lẹ́yìn náà ló gbé mi fún un. Obìnrin náà gbà mí. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè orúkọ ẹnì kejì.

Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún kí ó tó kú. “Bàbá Bísí,” ó ní, “ìyá yín ló bà mí lẹ́rù jù.” Òtítọ́ ni. Èmi náà kò ní gbé ọmọ-ọmọ mi lé àjèjì lẹ́sẹ̀ láé, bẹ́ẹ̀ ni n kì í na ọwọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ nínú ọkọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù. Láìpẹ́ yìí ní Ìyànà Ìbà, ọmọ kékeré kan sọ ìyá rẹ̀ nù, obìnrin oníbúrẹ́dì kan sì gbé e sókè láàárín ọjà, kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Inú mi dùn. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọ̀dọ́ ti rọ̀gbà yí i ká, fóònù lókè, wọ́n ń bi í pé ọmọ ta ló gbé. Mo lọ dúró tì í, n kò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tiwa, àgbẹ̀ ní láti fi ẹsẹ̀ rìn jáde láti inú oko kó tó lè pa ènìyàn, ìyẹn ló fún ìyá mi láyè láti rí aṣọ. Lónìí, èrò ti ń tètè dé ju ìyá ọmọ lọ.