Ìjàpá Tí Kò Gbọdọ̀ Kú ní Ìfọ́n

Ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi dàgbà jù mí lọ. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ló rà á, òun náà ló sì fi lọ gbé ìyá mi níyàwó láti Ìfọ́n wá sí Ìlobù. Ìrìn náà kò tó nǹkan. Bí èèyàn bá ń bú ẹnì kan bọ̀ láti Ìlobù, kò ní tíì bú u tán tó fi máa dé Ìfọ́n. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ń sọ ìtàn ọjọ́ náà, ẹ ó rò pé ìlú òyìnbó ló ti mú ìyàwó bọ̀.

Nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ láàárín ìlú méjèèjì, ìyá mi sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìfọ́n. Ilé jó ní Ìlobù, ilé jó ní Ìfọ́n. Ilé àbúrò ìyá mi ọkùnrin wà nínú àwọn tó jóná, pẹ̀lú gbogbo ohun tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ. Títí di òní, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé lágbájá ló ṣáná sí i. Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ díẹ̀, bàbá mi pe ìyá mi lórí fóònù pé òun ń bọ̀ wá mú un lọ sílé.

Ìyá mi ní, “Ẹ tún mọ́tò yín ṣe ná. Èyí tí ẹ fi gbé mi lọ ni kí ẹ fi wá mú mi. Àwọn ará ilé wa mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án.”

Inú bàbá mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti rí ohun tó máa ṣe.

Àìsàn mọ́tò náà nìyí: bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, iná pupa kékeré á tàn níwájú awakọ̀. Bí ẹ bá wá yí i síwájú sí i kí ẹ́ńjìnnì lè jí, iná náà á kú, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Ríwáyà kan, oníṣẹ́ iná mọ́tò, wá, ó ní bátìrì ni. A pààrọ̀ bátìrì. Èkejì ní kíkì tó ń yí ẹ́ńjìnnì ni. A pààrọ̀ kíkì. Ẹ̀kẹta wò ó títí, ó ní ayé ló ń ṣe é. Èmi ni mo fi ọ̀nà ìta hàn án.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí a kò kàn tì í. Bí a bá tì í, ó máa ń jí dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo dá a lábàá pé ká tì í ká máa lọ, bàbá mi wò mí.

“Tó bá kú ní Ìfọ́n ńkọ́? Ta ni yóò bá ará Ìlobù ti mọ́tò?”

Láti kékeré ni mo ti ń rí i tí àwọn ọkùnrin Ìfọ́n ń bá a ti mọ́tò yìí kan náà, tí wọ́n ń fi àna wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí ìyá mi ń rẹ́rìn-ín lórí ìjókòó tí kò sì ní sọ̀ kalẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Mo ní èmi fúnra mi ni màá wá àrùn náà rí. Ìmọ̀ físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, bí iná ṣe ń rìn kì í ṣe àjèjì sí mi.

Bàbá mi ní, “Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ tú wáyà mọ́tò?”

“Ẹ̀yin náà lẹ rán mi níwèé, sà.”

Ní ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń ṣe é. Mo so wáyà méjì mọ́ gílóòbù kékeré kan, mo sì ń fi dán ibi tí iná dé wò. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì ìjàpá wà. Ibẹ̀ ni iná ti ń rìn wá sídìí súwíìṣì níwájú, kó tó tún padà sẹ́yìn lọ bá kíkì. Èyí ìbá rọrùn bí kò bá jẹ́ pé ríwáyà kan ti fi wáyà ilé pààrọ̀ gbogbo wáyà inú rẹ̀ nígbà kan, tó sì jẹ́ pé pupa nìkan ló rí rà. Pupa ni ti fèrè, pupa ni ti iná iwájú, pupa ni ti súwíìṣì. Mo ṣépè fún ọkùnrin náà títí ó fi rẹ̀ mí. Ibi gbogbo tí mo gbé gílóòbù sí, ó ń tàn. Mo tú súwíìṣì, mo fi bébà yanrìn nu ẹnu rẹ̀, mo tún un dè. Ó dákẹ́ bákan náà. Lọ́jọ́ kan mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo sì sunkún.

Bàbá mi jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń wò mí. “Fi sílẹ̀. Kò sí ìkánjú.”

Ó bí mi nínú. Ìyàwó ẹni kò sí nílé, èèyàn ń sọ pé kò sí ìkánjú! Tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á pe ìyá mi, á máa ròyìn wáyà fún un. “Ọmọ rẹ ti tú súwíìṣì lónìí o.” Ìyá mi á ní kí n rọra, kí n ṣe é dáadáa. Wọ́n á sọ̀rọ̀ wáyà títí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ láàárín wọn rí.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò pátápátá, mo sì ń fọwọ́ tẹ wáyà tó ti ìdí bátìrì lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Níbì kan, ó rọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo bó èèpo rẹ̀. Omi bátìrì ti jẹ bàbà inú rẹ̀ di ẹbu, ó ku fọ́nrán kan péré. Fọ́nrán kan tó láti tan gílóòbù mi. Kò tó láti yí ẹ́ńjìnnì.

Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo fi wáyà tuntun dí i. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì jí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń jó.

“Bàbá, ó ti ṣe!”

“Ó ti ṣe?” Ó tún bi mí. Kò dìde lórí àpótí.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí Ìfọ́n. Kò sẹ́ni tó dí wa lọ́nà. Àbúrò ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wọn, níbi tó ń gbé láti ìgbà tí ilé tirẹ̀ ti jó. Bàbá mi, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ kí i, torí àna ni àna ń jẹ́, kò kéré. Ó dáhùn, ó ní kí wọ́n dìde, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè.

Ìyá mi jáde. Mo kúnlẹ̀, ó fà mí mọ́ra, ó sì wo ìjàpá títí.

“Mo rò pé kò ṣeé tún ṣe mọ́,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá àwọn ọmọ, ẹ má bínú. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ tún un ṣe nìyẹn.”

Bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. Ìyá mi mi orí.

“Bí mo bá padà sí Ìlobù, tí àwọn aládùúgbò ń kí mi káàbọ̀, ọwọ́ wọn ni màá máa wò. Màá máa bi ara mi pé, ṣé ọwọ́ yìí ni? Mi ò lè fi ìyẹn lo ìyókù ayé mi.”

“Bí èmi bá wá máa gbé níbí ńkọ́?” Bàbá mi rọra béèrè rẹ̀.

Àbúrò ìyá mi dìde lórí ìjókòó, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Èmi àti bàbá mi nìkan la jókòó sínú mọ́tò. Mo di kọ́kọ́rọ́ mú, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jí, kí á lè rí ìdí tí a fi máa dúró díẹ̀ sí i. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà. A ti fẹ́ wọ Ìlobù kí bàbá mi tó la ẹnu.

“Nígbà tí mọ́tò yìí bàjẹ́,” ó ní, “mo ṣì níyàwó.”

Mo ń wakọ̀ lọ.