Aṣọ́lé Kì Í Sọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́

Góòlù àkọ́kọ́ tó wọlé mi nílẹ̀ Jámánì, ẹ̀kọ́ ilé ló fà á. Kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ìrókò, lẹ́yìn Moníyà, ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé Aládùúrà tí ọmọdé kì í ti í pe àgbà lórúkọ, ká má tíì sọ pé kó jágbe mọ́ ọn. Ní pápá ilé-ìwé wa, bọ́ọ̀lù kì í kọjá lára mi. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan ní Jámánì ní kí n wá ṣe ìdánwò oṣù mẹ́ta, Màámi fi àdúrà sìn mí dé pápákọ̀ òfuurufú ní Alákíà. Wọ́n ní, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe."

Mo rántí jù.

Aṣọ́lé, tí àwa ń pè ní kípà, ló ń rí gbogbo pápá láti ẹ̀yìn. Nítorí náà òun ló ń pàṣẹ. Bí bọ́ọ̀lù bá ga wá síwájú ilé, yóò ké "Tèmi ni", àwọn tó ń dáàbò bò ó yóò sì yà fún un. Ẹni tó wà níwájú tèmi ni balógun ikọ̀, abiyamọ ọlọ́mọ méjì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àbúrò Màámi. Gbogbo ikọ̀ ń pè wọ́n ní Ùté. Èmi nìkan ni mo ń pè wọ́n ní Àǹtí Ùté.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ pápá, bọ́ọ̀lù gbéra láti kọ́nà. Mo fi ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́ sọ pé, "Àǹtí Ùté, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mú un." Ohùn mi ò ju ti ẹni tó ń tọrọ omi lọ. Àwa méjèèjì fò, a forí gbárí, bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Mo sáré kúnlẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n. Ni gbogbo ikọ̀ bá rò pé orúnkún ló ń dùn mí. Kí n tó dìde, nọ́ọ̀sì ti gbé yìnyín dé.

Ìyá Gíṣẹ́là, tí wọ́n ń kọ́ àwa aṣọ́lé, tí àwọn náà sì ti ṣọ́lé rí, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló dé tí o kò pariwo?"

"Wọ́n jù mí lọ, mà."

"Bí ilé bá ń jóná, ṣé wàá kọ́kọ́ kí wọn kó o tó jí wọn?"

Wọ́n ní bí mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje tó máa kẹ́yìn ìdánwò mi, kí n di ẹrù mi.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ta ló fẹ́ padà sí Ìrókò lọ sọ pé ìtìjú ló lé òun wálé? Lójoojúmọ́ ni mò ń wọ igbó tó wà lẹ́yìn pápá, tí mò ń jágbe mọ́ igi. Igi ò bínú, ohùn mi sì ń là sí i.

Lọ́jọ́ ìdíje náà, a ti jẹ góòlù kan, àwọn tí à ń bá gbá ò tíì jẹ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìparí ni bọ́ọ̀lù tún ga wá láti kọ́nà. Balógun ti ń gbéra.

"Ùté, kúrò! Tèmi ni!"

Wọ́n tẹ̀ ba wàràwàrà. Mo fò gba orí wọn, mo gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà. Ìyá Gíṣẹ́là mi orí sí mi pé ó dára. Ilé yẹn ni mo ṣọ́ títí mo fi di balógun ikọ̀ fúnra mi. Mo ń fi yangàn títí dòní, n ò sì ní fi pamọ́.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, àwọn ọmọbìnrin Ìrókò ni mò ń kọ́. Màámi máa ń wá jókòó lábẹ́ igi létí pápá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró níwájú Mojísọ́lá, aṣọ́lé wa tó kéré jù, pé kí n bá a dáàbò bo ilé. Bọ́ọ̀lù ga wá, èmi náà gbéra.

"Kúrò níbẹ̀, tèmi ni!"

Mo tẹ̀ ba. Màámi dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń jágbe mọ́ báyẹn?"

Mojísọ́lá ti kúnlẹ̀ sínú eruku, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé o mú un?"

Bọ́ọ̀lù wà láyà rẹ̀. "Mo mú un, mà."

"Dìde nígbà náà, kó o gbá a síwájú."