Ẹja Tí A Fi Ọkọ́ Yà sí Agbówà

Tíṣà jọ́gíráfì ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tá a ti kúrò ní Ọ̀ṣun la ti háyà ilé sí Ìgbògbò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nílé ìdáná, ó fi àwòrán aṣálẹ̀ kan ní ilẹ̀ Peru hàn mí. Àwọn ará àtijọ́ ti ya ọ̀bọ, ẹyẹ àti aláǹtakùn sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ṣa òkúta dúdú kúrò títí ilẹ̀ tó mọ́ lábẹ́ fi yọ. Ó tóbi débi pé àfi ẹni tó bá wò ó látòkè ló lè mọ ohun tó jẹ́.

Ó ní, "Àwọn yẹn ò ní bàálù, wọ́n sì yà á. Kí ló ń ṣe àwa?"

Kí n tó dáhùn, ó ti pe ìyá ọkọ ọmọ wa, Alhaja kan tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ilẹ̀ kan ní Agbówà, yanrìn funfun tí koríko ti bò. Wọ́n ní ká máa lọ, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ pé a fẹ́ gbẹ́ kànga.

Ní Sátidé, a gbé ọkọ́ méjì àti okùn lọ. Ẹja lọkọ mi fẹ́ yà, kó tó pápá bọ́ọ̀lù. Ó dúró níbi orí, mo di okùn mú níbi ìrù, ó ń pariwo pé kí n yà sọ́tùn-ún. A dojú kọra, òsì mi ni ọ̀tún rẹ̀. Ìgbà tá a fi rántí ìyẹn, a ti ro ìdajì ẹja.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ti oko bọ̀ rí okùn lọ́wọ́ wa, wọ́n bi wá ta ló ta ilẹ̀ náà fún wa. Ọkọ mi ṣàlàyé pé ẹja là ń yà. Bàbá tún bi wá pé:

"Ẹja tí ẹ ò ní jẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé àdá sílẹ̀, wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní lẹbẹ ẹja náà ò dáa. Àwọn ọlọ́kadà méjì tó ń kọjá náà dúró, wọ́n tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Kò sẹ́ni tí kò mọ bí ẹja ṣe rí.

Nígbà tó di ọ̀sán, Alhaja mú ayàwòrán kan wá, ó ní kámẹ́rà kékeré tó ń fò. Ó gbé e sókè, gbogbo wa sì rọ́ bo ojú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Búútà lèyí."

Búútà ni lóòótọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹnu tí àwọn ọlọ́kadà fà gùn ti di ibi tí omi ń gbà jáde, lẹbẹ tí bàbá tún ṣe ti di ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ mi yí ẹ̀rọ náà padà, búútà ni. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Gáràjì Ìkòròdú.

Inú Alhaja dùn ní tiwọn. Wọ́n fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ àṣàlátù wọn, wọ́n ní àmì ni, àwọn á kọ́ ibi ìkírun síbẹ̀. Ọkọ mi ò lè bá àna jiyàn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, koríko ti bo gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi ní òjò ló fà á, pé òjò kì í sábà rọ̀ ní aṣálẹ̀ yẹn. Àmọ́ bàbá olóko yẹn ṣì ń pè wá. Ewúrẹ́ wọn kan sọnù, wọ́n ní ká wá yà á sílẹ̀, bóyá ẹni tó bá wà lókè á bá wọn rí i.