Ọrùn Tẹlifíṣọ̀n

Yínúsà fi àtàǹpàkò nu eruku ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí gbàǹgbà náà, ó nu ún dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni ń nu imú ọmọ. Ó wá gbé e lé àwọn yòókù nínú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù Mùsáfírù.

"Àlàájì, ṣé ìyàwó lẹ ń sìn lọ ilé ọkọ ni?" Mùsáfírù bú sẹ́rìn-ín.

Yínúsà so okùn mọ́ wọn. Òkú ẹ̀rọ ló ń rà kiri àdúgbò Lotto ní Mowé. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti ń sun wáyà kó lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Èéfín yẹn ni Nusaybah ọmọ rẹ̀ ń fà símú. Ọmọ náà ò lè ka súrà kan délẹ̀ mọ́ kí ikọ́ má dá a dúró.

Ìjọba ti ní kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ máa kó o padà tó bá ti kú. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n wá ṣí ibùdó sí Ìbàfò. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn kó ti Mowé. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà, kó kó ẹrù wá kí wọ́n wò ó. Bí Yínúsà bá rí i gbà, iná ẹ̀yìnkùlé kú nìyẹn.

Tolúwalọpẹ́, ọmọbìnrin tó ń gba ẹrù ní Ìbàfò, tẹ orúnkún kí i. Ó yí tẹlifíṣọ̀n kan sẹ́yìn, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó yí òmíràn.

"Bàbá, ta ló fọ́ ọrùn dígí wọn?"

"Èmi ni." Ara Yínúsà yá. "Gbogbo wọn ni. Ohun tí ọ̀gá mi ní Ìfọ̀ kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn: kán ọrùn rẹ̀, kó mí, kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, kó má baà bú gbàmù mọ́ni lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kó ṣe yín léṣe."

Tolúwalọpẹ́ wolẹ̀. "Odindi la máa ń gbà, sà. Tó bá ti fọ́, májèlé ni eruku inú rẹ̀."

"Iṣẹ́ náà ńkọ́?"

"Ohun tí wọ́n fi ń yan èèyàn nìyẹn, sà. Ẹ má bínú."

"Àǹtí mi, torí yín ló ṣe fọ́ wọn!" ni Mùsáfírù wí. "Ẹ bá a bẹ ọ̀gá yín."

"Bọ̀dá, ọ̀gá náà ló ní ọrùn ni kí n máa kọ́kọ́ wò."

Yínúsà ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo òjò láti ojú fèrèsé.

"Àlàájì, níbo ni ká kó wọn lọ?"

"Máa kó wọn lọ sílé."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Yínúsà ti ń fẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ lọ sí ọ̀nà Mowé.