Kòtónù Apá Èkìtì

Ní àwọn ọdún tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìgbà Sáàpù, tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra, ibi méjì ni mo mọ̀ nítòsí ilé mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí èèyàn ti lè rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó jókòó láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́: iwájú ilé tẹ́tẹ́ púùlù, àti abẹ́ bíríìjì l'Apọ́ngbọ̀n. Àwọn ti ilé tẹ́tẹ́ ní ìrètí. Àwọn ti Apọ́ngbọ̀n ní irinṣẹ́.

Àṣà ibẹ̀ ni pé kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀. Ayùn ni ti káfíńtà, búrọ́ọ̀ṣì ni ti pẹ́ńtà, ṣíbí tí wọ́n fi ń bu sìmẹ́ńtì ni ti bíríkìlà. Ẹni tó bá wá gba òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kó tó wo ojú. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan àwọn bíríkìlà, ìbéèrè kan wà tí kò sí irinṣẹ́ tó lè dáhùn rẹ̀: "Ṣé Kòtónù ni ẹ́?"

Bíríkìlà tó wá láti Kòtónù ni gbogbo ìlú ń wá. Alhájà tó ni ilé tí mo ń gbé lẹ́yìn Iga Ìdúngánràn, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà Sandgrouse, ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi nígbà tó fẹ́ tún ẹ̀yìnkùlé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ṣe. "Kòtónù kì í jiyàn," ó ní. "Ọmọ Yorùbá tó mọ ògiri mi tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta ká tó kan òrùlé. Mo kí i kú ará fẹ́ra kù títí ó fi sú mi."

Lákòókò kan náà, ọ̀gá mi níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ní kí n lọ kọ ìròyìn nípa àwọn àjèjì tó ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. "Wá ẹlẹ́rìí," ó ní. "Ọmọ Nàìjíríà tó mọṣẹ́, tí àjèjì kò jẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe." Èyí kò le. Mo ti ní ọ̀kan l'Apọ́ngbọ̀n.

Bíríkìlà ni, ará Èkìtì, ọkùnrin gígùn kan tó máa ń jókòó nídìí òpó bíríìjì níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó ti ń mọlé láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé. Ìyàwó náà ti rán dírẹ́bà kan sí i pé kó ránṣẹ́ pe òun wá s'Ékòó kí iṣu tuntun tó jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa bọ̀ nílé wá kọ ebè, torí òun kò lè máa jẹ́ ìyàwó ẹni tó wà l'Ékòó lórí ẹnu lásán.

"Ọ̀gá oníwèé ìròyìn," ó sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, "ẹ wò ó. Mo bímọ, mo mọlé, mo sanwó orí. Gbogbo ohun tí ọmọ ìlú ń ṣe ni mò ń ṣe. Ìlú tí mo ti wá ni kò dáa."

Mo ní ká pàdé lọ́jọ́ kejì kó wá sọ tẹnu rẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, kò sí nídìí òpó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bá a nínú ẹ̀yìnkùlé ilé wa, tó ń gbé búlọ́ọ̀kù. Ó dé fìlà kan tí n kò rí lórí rẹ̀ rí, ó sì wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Alhájà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ́ńsuwà, mìsíọ̀," ó fi Faransé kí mi.

Mo ní bọ́ńsuwà. Kí ni kí n sọ? Bí ẹlẹ́rìí mi ṣe di àjèjì tó gba iṣẹ́ mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn.

Àwọn méjì ló ń ṣiṣẹ́ náà. Kòtónù ni ẹnì kejì lóòótọ́, Ègùn pọ́ńbélé, tó fi ọdún díẹ̀ dàgbà jù mí lọ, tó ti pẹ́ l'Ékòó tó bẹ́ẹ̀ tí Yorùbá rẹ̀ fi dùn ju ti ará Èkìtì lọ. Mo bi í léèrè níkọ̀kọ̀ bóyá ó mọ irú ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́.

"Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀," ó ní. "Mo fi Ègùn kí i, ó rẹ́rìn-ín. Mo fi Faransé kí i, ó tún rẹ́rìn-ín. Mo ní, ọ̀rẹ́, tó o bá ń rẹ́rìn-ín báyìí, wọ́n á lé àwa méjèèjì."

Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún Alhájà.

"Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo àjèjì máa lọ sílé wọn? Mi ò lọ. Mo di ará Ẹ̀gbá. Ó tó oṣù mélòó kan tí mo fi jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta. Nígbà tó yá, mo tiẹ̀ ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ oyè ìlú. Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ mi sùn. Báwo ni màá ṣe wá fẹjọ́ tiẹ̀ sùn?"

Òun ló ń kọ́ ọkùnrin náà bí wọ́n ṣe ń jẹ́ Kòtónù. Ó ní kó má jiyàn. Ó ní tí Alhájà bá sọ̀rọ̀, "Wì, mà," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni lédè Faransé, ti tó. Ó ní kó má kí ènìyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù. Ará Èkìtì náà jẹ́wọ́ fún mi lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé ẹnu ń yún òun. "Ẹni tó ń jẹun, mi ò gbọdọ̀ kí. Ẹni tó ti ọjà dé, mi ò gbọdọ̀ kí. Aboyún kan kọjá láàárọ̀, mo kàn ń wò ó bí ewúrẹ́." Ṣùgbọ́n ó fara dà á. Oṣù iṣu tuntun ti ń sún mọ́lé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni nǹkan bàjẹ́. Mo fẹ́ jáde, mo bá a tó ń rẹ́ ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì dúró lórí àtẹ̀gùn nítorí sìmẹ́ńtì náà ṣì tutù. Ó lóṣòó, ó ń fẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ìta, ó ń fi pákó dán ibi tó ti ṣe. Iṣẹ́ náà dán bí abọ́ tánganran. Àfi bí ilẹ̀kùn yàrá ìyá àgbà, ìyá tó bí Alhájà, ṣe ṣí. Ìyá náà yọ pẹ̀lú ọ̀pá àti kẹ́tùlù àlùwàlá, orí rẹ̀ funfun báláú.

Mi ò rò pé ọkùnrin náà ro ohunkóhun. Ara rẹ̀ ló ṣe é. Ó na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tútù, àyà, ikùn, itan, gbogbo rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyá àgbà ní ẹnu Èkìtì: ó bèèrè oorun, ó bèèrè ẹsẹ̀, ó bèèrè àwọn ọmọ, ó gbàdúrà fún un. Gbogbo ìkíni tó ti ń gbé mì láti ìgbà tó ti dé ló tú jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìyá àgbà dúró gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Alhájà tó ti sáré dé láti ẹ̀yìnkùlé.

"Kòtónù yìí lẹ́kọ̀ọ́ ju àwọn ọmọ rẹ lọ," ó ní. "Tiwọn, wọ́n á kàn mi orí sí mi bí alángbá."

Alhájà ń wo ilẹ̀. "Dìde," ó ní.

Ọkùnrin náà dìde. Àwòrán rẹ̀ kù sílẹ̀, láti irùngbọ̀n dé orúnkún.

"Níbo ni wọ́n ti bí ẹ?"

"Kòtónù, mà."

"Kòtónù apá ibo?"

Sìmẹ́ńtì ń kán láti irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wò mí, mo wo ògiri. "Apá Èkìtì ni, mà."

Alhájà yíjú sí ẹnì kejì tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù lórí. "Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀gbá nìwọ?"

"Nígbà kan rí, Alhájà."

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ará Èkìtì náà rò bẹ́ẹ̀; ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irinṣẹ́ rẹ̀. Alhájà ní kó ti ilẹ̀kùn ìta ná, kí òun tó sọ̀rọ̀.

"Gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀," ó ní. "Gbogbo àdúgbò ti wá wo iṣẹ́ yìí. Mo ti sọ fún wọn pé Kòtónù ni mo gbà. Bàbá tó ni ilé iwájú yẹn ti bẹ̀ mí pé kí n yá òun yín tẹ́ ẹ bá parí. Ṣé kí n wá máa lọ sọ fún wọn pé Èkìtì ni, pé wọ́n fi mí gbá bọ́ọ̀lù? Kòtónù lo bá wọlé, Kòtónù ni wàá bá jáde. Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú àánú, mà. Ẹ ò ní..."

"Ṣé o tún ti bẹ̀rẹ̀?"

"Wì, mà."

Ó tún ilẹ̀ náà rẹ́. Nígbà tí ọ̀gá mi níléeṣẹ́ bèèrè ìròyìn rẹ̀, mo ní mò ń wá ẹlẹ́rìí.

Bàbá iwájú ilé gbà wọ́n lóòótọ́, ó sì ń fi wọ́n yangàn. Nígbà tí ará Èkìtì rí i pé iṣẹ́ náà á pẹ́, ó ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ nípasẹ̀ dírẹ́bà pé kó máa bọ̀, kó béèrè òun lẹ́yìn Iga. Ohun kan ṣoṣo ló gbàgbé láti fi kún iṣẹ́ tó rán: pé òun ti kúrò ní ará Èkìtì.

Mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí obìnrin náà dé. Ìyá àgbà, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ló ròyìn rẹ̀ fún mi.

"Ó gbé ẹrù sórí, ó pọn ọmọ. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá iwájú, ó ní òun ń wá bíríkìlà kan, ará Èkìtì. Bàbá ní, 'Kò sí Èkìtì níbí o, ìyàwó. Kòtónù ni gbogbo àwọn tèmi. Ẹ lọ wo Apọ́ngbọ̀n. Ibẹ̀ ni àwọn Èkìtì wà, wọn ò ríṣẹ́.'"

Ojú obìnrin náà ṣe bí ẹni tó gbọ́ ohun tó ti ń retí. Ó yí padà, ó kọrí sí ọ̀nà tó gbà wá.

Orí pákó tí wọ́n fi ń gun ògiri ni ọkọ rẹ̀ wà. Ó fi ẹnu Kòtónù pè é ní màdámù lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni ń jẹ́ màdámù? Obìnrin náà ń lọ. Ó ti ń dé kọ̀rọ̀ nígbà tí ọkùnrin náà fi oríkì rẹ̀ pè é láti òkè, oríkì tí ìyá tó bí obìnrin náà sọ ọ́, ní ohùn Èkìtì tí gbogbo àdúgbò gbọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀ níbi tó dé, tòun ti ẹrù lórí.

"Bàbá iwájú wo òkè," ìyá àgbà ní, "ó wo ìyàwó, ó wò mí. Mo ní, 'Ìyàwó Kòtónù ni. Ọmọ Èkìtì ló fẹ́. Ó ti gbọ́ èdè àwọn àna rẹ̀.'"

"Kí ni bàbá wá sọ?"

"Ó ní Kòtónù gbìyànjú. Ó ní àwọn ọmọ tiwa ò lè ṣe é."

Obìnrin náà kò padà sílé. Kí iṣu tuntun tó dé Sandgrouse, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Ìyàwó Kòtónù, ó sì ń dáhùn.

Mo ṣì gbé ilé náà fún ọdún mélòó kan sí i. Lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi kan wà tó jìn díẹ̀, níbi tí àyà ará Èkìtì gbé sùn lọ́jọ́ tó dọ̀bálẹ̀. Tí a bá fọ ilẹ̀, omi á dúró síbẹ̀, àwọn ayálégbé á sì máa ráhùn pé ẹni tó rẹ́ ilẹ̀ yìí kò mọṣẹ́.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," Alhájà á dá wọn lóhùn. "Kòtónù gidi ló rẹ́ ẹ."