Báàfù Ẹ̀gẹ́ Níbi Ìpàtẹ Àgbẹ̀

Bí mo bá ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo máa ń rántí. Kò sí ìpàtẹ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba ṣe ní Èrúwà tí kò lọ, ṣùgbọ́n kì í sáré kiri bíi tiwa. Abẹ́ igi ni yóò jókòó sí, yóò máa bó ẹ̀gẹ́ sínú báàfù, yóò sì máa wo àwọn tó ń jáde lábẹ́ àgọ́ kọ̀ọ̀kan.

"Ibi tí wọ́n bá ti ń rẹ́rìn-ín jáde, ìran lásán ni," ló máa ń wí. "Ibi tí wọ́n bá ti ń jiyàn jáde, ibẹ̀ ni ká lọ."

Lọ́dún tí katakata tí ń túlẹ̀ oko kọ́kọ́ dé, gbogbo ayé rọ́ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ni àríyànjiyàn wà, ló bá ru báàfù rẹ̀ lọ síbẹ̀. Nílé wa, ọwọ́ la fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí yóò sì máa họ wá níka. Ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀gbẹ́ni tó ń fi ẹ̀rọ hàn mú dání.

"Ọmọ mi, ìyẹn kéré. Gba tèmi kún un."

Kí àwọn tó lọ wo katakata tó padà, ẹ̀rọ ti rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, ó ti dì í sápò, ó ti gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro.

Lọ́dún kejì, àwọn obìnrin ti to báàfù lọ rẹrẹ níwájú ẹ̀rọ náà. Ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń wa katakata.

"Ọmọ mi, ilẹ̀ ibí ti rọ̀ jù. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n rí agbára ẹ̀rọ rẹ, oko mi ò jìnnà."