Ìpín Àwọn Ẹni Àìrí

Ní gbogbo àdúgbò wa ní Baybay, kò sẹ́ni tó mọ ẹmu àgbọn bù bíi Teryo tó ń tún fáànù ṣe. Ife kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń lò níwájú ṣọ́ọ̀bù Dodong, ọwọ́ Teryo sì ni ife ọ̀hún ń gbé. Yóò kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹni àìrí, kó tó bu fún ẹni àkọ́kọ́. Onítọ̀hún á gbé e mì, á dá ife padà, ó tún kan ẹlòmíràn. Kì í ṣojúsàájú, kì í sì í fi ẹ̀kán kan ṣòfò. Àṣé ẹmu ló ń mu òun náà.

Oṣù tó kọjá ló gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́, tí ẹmu sì gbé òun fúnra rẹ̀ sùn lọ lórí àga. Ọmọ já bọ́. Ọlọ́run ló ní orí ẹní ló máa balẹ̀ sí. Láti ọjọ́ náà ni Jovelyn, ọmọbìnrin rẹ̀, kò ti jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ mọ́.

“Bàbá, ọjọ́ Àìkú la máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ yìí,” ló wí. “Àwọn ọ̀mùtí tó fẹ́ jáwọ́ ń ṣèpàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Ọjọ́rú, láago mẹ́rin. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Tí mo bá gbóòórùn ẹmu lẹ́nu yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ò ní gbé e mọ́ láyé yín.”

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Teryo kọjá níwájú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà tí kò lè yà. Ta ló máa rí i? Nílùú tí wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí èèyàn jẹ kó tó gbé e mì! Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká bí ẹni ń relé oníbàárà, ó sì wọlé.

Èèyàn mẹ́fà ló jókòó yíká. Ìyá Luming, arúgbó tó ń ta ẹja, ló ń darí wọn. “Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ̀ ń wá?”

“Fáànù ni. Wọ́n ní ó ń pariwo.”

Ìyá Luming gbójú sókè wo fáànù. Jẹ́jẹ́ ló ń yí. “Ó dáa,” ló wí. “Ẹ jókòó ná, ká parí ìpàdé.”

Ọkùnrin kan dìde. “Kanor lorúkọ mi. Ọ̀mùtí ni mí.” Ó sọ bó ṣe gbé máṣìnnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ tà láti fi ra ọtí. Ẹsẹ̀ Teryo ti kọjú sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Ìyá Luming na fúláàsì sí i. “Àbúrò onífáànù, ẹ bá wa bu kọfí.”

Àṣà burú. Ife méje wà lórí tábìlì, ẹyọ kan ni Teryo mú. Ó ta kọfí díẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ gba tiyín o,” ó bu ìyókù fún Kanor, ó sì dúró tì í pé kó tètè mu ún kó dá ife padà.

Teryo wo kọfí tó dà sílẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ojú tì í dé egungun.

Kanor ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Fáànù wo lẹ fi kọ́ eléyìí?”

“Má dá Kanor lóhùn,” ni Ìyá Luming wí. “Ọjọ́ àkọ́kọ́ tèmi, inú bàtà àlùfáà ni mo da ti àwọn ẹni àìrí sí. Jókòó, àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó máa lé ọ.”

“Teryo lorúkọ mi,” ló wí. “Ọmọ-ọmọ mi já bọ́ lọ́wọ́ mi.” Ẹkún ò jẹ́ kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ó tó fún tòní,” ni Ìyá Luming wí, ó bu kọfí lé Teryo lọ́wọ́. Teryo mu ún tán.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sílé, iwájú ṣọ́ọ̀bù Dodong ló sì gbà kọjá. “Agbọ́tí wa dé!” ni àwọn tó jókòó níbẹ̀ ń wí. “Ọ̀fun ti gbẹ, ìwọ ń rìn gbéregbère kiri.” Dodong bu ife kún, ó fi í lé e lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ ife ti bú ẹni tó gbé e fún un. Teryo sì fẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n títí ẹmu fi ń ta sí i lápá.

Ló bá da ojú ife dé, ó da gbogbo ẹmu náà pátá sílẹ̀.

“Tiwọn ni gbogbo tòní,” ló wí. Ta ló fẹ́ bá ẹni àìrí du ìpín rẹ̀? Teryo dá ife padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé kó tó gbóòórùn ara rẹ̀. Ẹmu ti ta sí ṣòkòtò àti bàtà rẹ̀. Kò sí omi níta, Jovelyn sì ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tòun tọmọ. Ó fajú ro.

“Bàbá. Ẹmu.”

“Ẹsẹ̀ mi ló mu ún, Jovelyn.”

Jovelyn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn etí ṣòkòtò bàbá rẹ̀. Ó dìde, ó gbé imú sún mọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wò ó bóyá ọbẹ̀ ti kan. Kọfí ló gbọ́. Omi lé sí i lójú.

“Ẹ kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ná,” ló wí.

Teryo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ṣì ń gbọ̀n. Jovelyn gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò nísàlẹ̀.